Ojú, Okùn, Omi: Bí A Ṣe Ń Tún Áńtẹ́nà Orí Kárávánì Ṣe Fúnra Ẹni

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò)

  

Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ló rántí òpó áńtẹ́nà ilé bàbá rẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Ìbàdàn, sí Abẹ́òkúta, sí Òṣogbo, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, iṣẹ́ kan ti wà tó jẹ́ tọmọdé ilé. Ọmọ kan á jáde síta, á di òpó mú, á máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíì á dúró lójú fèrèsé, á máa pariwo pé: "Ó ti ń dára! Ó ti tún bàjẹ́! Dá a padà! Ó tó! Má fọwọ́ kàn án mọ́!" Ọmọ tó wà níta kò ní rí eré wò, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí gbogbo ilé rí i wò.

Ẹ fi ọmọ yẹn sọ́kàn o. Ohun tó mọ̀ nígbà yẹn ni èmi gbàgbé nígbà tí mo ra kárávánì.

Kí ni kárávánì? Ilé kékeré orí táyà ni, tí àwọn ará ilẹ̀ Bìrìtéènì tí à ń gbé yìí máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ sí etíkun nígbà ìsinmi. Àwọn kan nínú àwa Yorùbá náà ti ń rà á. Èmi ra àlòkù kan. Ọdún àkọ́kọ́ tá a fà á lọ sí etíkun Skegness, bọ́ọ̀lù wà lọ́jọ́ Sátidé. Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán yọ, ó já wẹ́wẹ́ bí àwo tó fọ́, ó dúró gbagidi, ló bá kú. Ìyàwó mi wò mí. Èmi náà ń wo ojú dúdú tẹlifíṣọ̀n.

Kí ni mo wá ṣe? Mo lọ ra búsítà. Búsítà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fi agbára kún ohun tí áńtẹ́nà bá mú wá. Kò sí ìyàtọ̀. Mo lọ ra òmíì tó lágbára jù ú lọ, ó tún wá burú sí i. Ìgbà tí mo gun àkàbà níkẹyìn ni mo rí i pé wáyà tó wọ ìdí áńtẹ́nà ti mu omi yó. Bàbà inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé. Owó búsítà méjì ti lọ, bẹ́ẹ̀ wáyà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló ń ṣe wá. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá ni mo ń pa ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: ojú, okùn, omi. Ojú ni ibi tí áńtẹ́nà kọjú sí. Okùn ni wáyà tó ń gbé àwòrán wọlé. Omi ni òjò tó ń wá ihò kiri lórí òrùlé yín. Ṣé ẹ rí i pé búsítà ò sí níbẹ̀? Ó ń bọ̀, ẹ̀yìn ni yóò wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ojú ṣáájú, torí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Báwo ni àwòrán ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Òpó gíga kan wà níbì kan tó ń fi ìgbì ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin ará Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ òpó Crystal Palace, tó ga tó mítà 219, tí iná pupa ń tàn lára rẹ̀ lálẹ́. Ẹ̀yin ará Manchester, Winter Hill lẹ́bàá Bolton ni tiyín. Bẹ́ ẹ bá sì wà ní Skegness, òpó Belmont ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìgbì yìí fẹ́ràn ọ̀nà tààrà. Òkè lè dí i lọ́nà. Ilé gogoro lè dí i lọ́nà. Àní igi tí ewé rẹ̀ tutù, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, lè dí i lọ́nà.

Áńtẹ́nà oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lórí kárávánì. Èkíní rí roboto bí ìdérí ìkòkò. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ti ń gbọ́, kò sí pé à ń yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Ẹ ó ní, ṣé èyí ò wá rọrùn? Ó rọrùn o. Àmọ́ ẹ fojú inú wo ẹni tó dúró sáàárín ọjà Rye Lane ní Peckham lọ́sàn-án Sátidé, tó ń gbọ́ ohùn gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá pè é láti òdìkejì títì, ṣé yóò gbọ́ ọ yékéyéké? Lẹ́bàá òpó ńlá, èyí tó rí roboto lè tó. Ní etíkun, tí òpó jìnnà, kì í sábà tó.

Oríṣi kejì rí bí egungun ẹja. Ọ̀pá kan gùn lọ gbọọrọ, àwọn ọ̀pá kéékèèké sì dábùú rẹ̀. Nígbà míì wọ́n á fi ike bò ó. Òun kì í gbọ́ ti gbogbo ayé. Ibi tó bá kọjú sí ló ń gbọ́, ó sì ń gbọ́ ọ dáadáa. Àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe nìyẹn: wọ́n á yọ onídérí-ìkòkò kúrò, wọ́n á fi eléegun-ẹja rọ́pò rẹ̀. Èyí tó dára jù ni èyí tí òpó rẹ̀ gba òrùlé wọlé, tó sọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ẹ lè dúró nínú ilé, kẹ́ ẹ tì í sókè, kẹ́ ẹ yí i, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀, òjò ò sì ní pa yín.

Ẹ ti kọjú rẹ̀ sí òpó. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé kó sùn ni àbí kó dúró? Ìyẹn ni pé, ṣé kí àwọn ìhà egungun ẹja yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, àbí kí wọ́n nàró gangan? Àwọn òpó ńlá bíi Crystal Palace àti Winter Hill, kí áńtẹ́nà sùn ni wọ́n fẹ́. Àwọn òpó kéékèèké tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní àfonífojì àti lẹ́yìn òkè, kó dúró ni púpọ̀ nínú wọn fẹ́. Òpó Rowridge ní Isle of Wight sì ń ṣe méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá gbé e sùn fún òpó tó fẹ́ ìdúró, ẹ lè yí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Báwo lẹ ṣe wá máa mọ èyí tó kàn? Ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ wo òrùlé àwọn ilé tó wà nítòsí. Ibo ni áńtẹ́nà wọn kọjú sí? Ṣé ó sùn, àbí ó dúró? Ẹ ṣe bíi tiwọn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti bá yín wá a rí.

Ohun kan tún wà. Láyé òpó bàbá wa, bí áńtẹ́nà ò bá kọjú síbi tó yẹ, àwòrán á máa ṣe bí ìgbà tí òjò ń rọ̀. A ó máa wò ó nínú òjò yẹn náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2012, ilẹ̀ Bìrìtéènì parí iṣẹ́ tó fi sọ gbogbo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ di dígítà. Òjò yẹn ti dá. Àwòrán tòní á mọ́ lóló, tàbí kó já wẹ́wẹ́, tàbí kó má tilẹ̀ yọ rárá. Kò sì yára bíi tàtijọ́. Bẹ́ ẹ bá yí áńtẹ́nà díẹ̀, ẹ dúró ná, kẹ́ ẹ kà dé mẹ́wàá, kí tẹlifíṣọ̀n rójú gbọ́ ohun tuntun. Ẹni tó bá ń yí i wìnrìn-wìnrìn á kọjá ibi tó dára láìmọ̀.

Tẹlifíṣọ̀n púpọ̀ ní ibì kan nínú ètò wọn tó ń fi bí ìgbì ṣe lágbára àti bó ṣe mọ́ hàn. Èyí tó ń sọ bó ṣe mọ́ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ẹni tó ń pariwo tí a ò gbọ́ ohun tó ń wí, kí la fẹ́ fi agbára ohùn rẹ̀ ṣe? Bó bá ti dára, ẹ ní kí tẹlifíṣọ̀n wá àwọn ìkànnì lákọ̀tun. Gbogbo ìlú tuntun tẹ́ ẹ bá dé lẹ gbọ́dọ̀ ṣe é, torí òpó ìlú kan kì í ṣe òpó ìlú kejì.

Oníṣòwò kan lè wá sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ ra "áńtẹ́nà dígítà". Ẹ rọra o. Áńtẹ́nà ò mọ dígítà yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ìgbì ni ìgbì lójú tirẹ̀. Ìdí kan wà tí áńtẹ́nà tuntun fi lè sàn ju ti ọdún pípẹ́ lọ. Lọ́dún 2020, wọ́n parí kíkó tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí apá kan ìgbì afẹ́fẹ́, wọ́n sì yọ̀ǹda apá náà fún fóònù alágbèéká. Ìkànnì 21 sí 48 ló kù fún tẹlifíṣọ̀n. Áńtẹ́nà àtijọ́ ṣì ń ṣílẹ̀kùn fún ìgbì fóònù, bí òpó fóònù bá sì wà nítòsí, ariwo rẹ̀ á bo tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tuntun ní asẹ́ tó ń sẹ́ ìgbì fóònù kúrò.

Ẹ má tíì lu ihò kankan o. Omi là á kọ́kọ́ tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn. Ẹ fi téèpù so áńtẹ́nà tuntun mọ́ igi ìgbálẹ̀ gígùn, ẹ fi wáyà gba ojú fèrèsé wọlé, kẹ́ ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ yí i. Ẹnì kan á wà níta, ẹnì kan á wà nínú ilé tí yóò máa pariwo. Ẹ rí i? Iṣẹ́ ọmọdé ilé ti padà wá. Bí àwòrán bá dára lórí igi ìgbálẹ̀, yóò dára lórí òrùlé. Bí kò bá dára, ẹ ti kó ara yín yọ nínú wàhálà.

Kí ni mo wí? Ojú, okùn, omi. A ti ṣe ojú. Ó kan okùn.

Wáyà tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe wáyà iná. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Lóde, rọ́bà ni. Lábẹ́ rọ́bà, irun wáyà tí wọ́n hun bí ẹní. Lábẹ́ ìyẹn, nínú èyí tó bá dára, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán bíi fàdákà. Lẹ́yìn náà, fóòmù funfun. Láàárín gbùngbùn, ẹyọ bàbà kan ṣoṣo, bí òwú àárín àbẹ́là. Bàbà yẹn ló ń gbé àwòrán. Ẹní tí wọ́n hun yẹn àti bébà dídán ló ń lé ariwo ìta sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ kárávánì àtijọ́, ẹní náà fọ́nká, bébà ò sì sí rárá. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùtajà, ẹ ní wáyà tẹlifíṣọ̀n 75 ohm lẹ fẹ́, èyí tó ní ẹní kíkún àti bébà, tí àárín rẹ̀ jẹ́ bàbà gidi.

Báwo la ṣe fẹ́ gbé wáyà tuntun gba inú ògiri láìtú kárávánì palẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, bí okùn ṣòkòtò bá gbó, ṣé a máa ń tú ṣòkòtò ni? Rárá o. A ó so okùn tuntun mọ́ ìdí ti àtijọ́, a ó fa ti àtijọ́ jáde, tuntun á sì tẹ̀lé e wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ fi téèpù di wáyà méjèèjì pọ̀ dáadáa, kí ojú ìdè náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnì kan á máa fà á lápá kan, ẹnì kejì á máa tì í lápá kejì. Bó bá há, ẹ má fipá fà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nígbà míì, àwọn tó kan kárávánì ti fi ìṣó kan wáyà àtijọ́ mọ́ igi inú ògiri, kò sì ní mira. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ mú tuntun gba inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ yọ iná ìta, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n àti búsítà, kẹ́ ẹ sì yọ wáyà kúrò lórí bátìrì. Kí ló dé? Iná 12 volt tí búsítà ń lò sábà máa ń gba inú wáyà tẹlifíṣọ̀n yẹn náà gòkè. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń de orí wáyà, èyí tí a ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, ẹ ṣẹ́ irun wáyà padà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí bàbà àárín yọ jáde díẹ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú, kẹ́ ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Bí irun kan ṣoṣo bá fara kan bàbà àárín, ó parí: fíúsì á jó, tàbí àwòrán ò ní yọ. Irun kan péré ni o.

Ojú, okùn, omi. Omi ló kù, òun ló sì lè ba nǹkan jẹ́ jù.

Tẹlifíṣọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ ba bọ́ọ̀lù ọjọ́ kan jẹ́. Òrùlé tó ń jò ba kárávánì jẹ́. Igi ló wà nínú ògiri ọ̀pọ̀ kárávánì, bí omi bá wọ̀ ọ́, á jẹrà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, títí ọjọ́ tí ìka yín á fi wọ inú ògiri bí ìgbà tó wọ búrẹ́dì. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára pé kẹ́ ẹ lo ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀, bí àyè bá wà. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ lu òmíì, ẹ kọ́kọ́ yẹ inú àti òkè wò: ṣé wáyà iná ò gba ibẹ̀? Ṣé igi ìgbérùlé ò sí níbẹ̀? Lẹ́ẹ̀mejì la ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan la ń lù ú.

Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátá, ẹ nu ibẹ̀ kó mọ́, kó gbẹ. Gọ́ọ̀mù tuntun kì í di orí ìdọ̀tí mú. Ẹ ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún òrùlé kárávánì, èyí tí kì í le gan-an, tó lè nà bí òrùlé bá gbóná, tó sì lè súnkì bó bá tutù. Ẹ fi sábẹ́ ìdí òpó, ẹ fi yí etí rẹ̀ ká, ẹ fi bo orí gbogbo sukúrúù. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wáyà tó wà níta rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ ihò, kí òjò tó bá ń tẹ̀lé e lè kán sílẹ̀ níbẹ̀, kó má bá wáyà wọlé.

Àwa fúnra wa ńkọ́? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Òrùlé ọ̀pọ̀ kárávánì ò wà fún ìrìn. Ẹ dúró lórí àkàbà tàbí pèpéle tó dúró ṣinṣin, kí ẹnì kan dì í mú. Ẹ wòkè bóyá wáyà iná gba òkè orí yín kọjá. Bó bá gba ibẹ̀, ẹ gbé kárávánì kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣiṣẹ́. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, tàbí tí òjò bá ṣú, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la.

Ẹ ó ní, búsítà tó o ṣèlérí dà? Ó ti dé. Bí ojú bá dára, tí okùn bá dára, tí àwòrán sì ń já wẹ́wẹ́ síbẹ̀ torí pé òpó jìnnà, ìgbà yẹn ni búsítà wúlò. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdí áńtẹ́nà wò, torí òmíì ti ní tirẹ̀ nínú. Ẹ rántí pé bí búsítà ṣe ń gbé ohùn sókè náà ló ń gbé ariwo sókè. Ẹni tó bá gbé gbohùngbohùn síwájú ọjà, ọjà náà la ó máa gbọ́. Bẹ́ ẹ bá sì wà lábẹ́ òpó ńlá, búsítà á jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n yó jù, àwòrán á sì tún já. Ẹ dín in kù níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ pa á. Ohun tó ṣe tèmi nìyẹn: wáyà tó mu omi ń kó ariwo wọlé, èmi sì ń ra ohun tí yóò gbé ariwo náà sókè.

Ẹnì kan á tún béèrè pé, láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá ti ní ti ilé yín, ó bo kárávánì tẹ́ ẹ ń fà rìnrìn-àjò. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ó ku ohun kan kí n tó dágbére. Áńtẹ́nà tẹ́ ẹ bá tì sókè lálẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ fà á wálẹ̀ kí mọ́tò tó mira láàárọ̀. Ẹ̀ka igi kan péré ti tó láti gé e, kó sì fa ihò ńlá sórí òrùlé tẹ́ ẹ fi gbogbo ọjọ́ dí. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé: nígbà tí mo bá ti òpó sókè, mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kọ́ ọwọ́ òpó náà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Láàárọ̀, mi ò lè tan mọ́tò láìfọwọ́ kan òpó. Ọwọ́ mi á kàn án, màá rántí, màá fà á wálẹ̀.

Ojú, okùn, omi.